Ìwọ ọmọ Onítẹ̀bọmi tó fẹ́ fẹ́ Mọ́mọ́nì, gbọ́ tèmi

Àbúrò mi, o ní inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, pé Mọ́mọ́nì, ọmọ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, ni ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya, àti pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti dà ọ́ lójú rú. Àwọn kan ní Jésù kan náà ni gbogbo wa ń sìn, kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní ẹgbẹ́ awo ni wọ́n, kí o tètè sá. Èmi ò gba ti apá kankan nínú méjèèjì. Díákónì ni bàbá mi títí ó fi kú, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi náà sì ni èmi wà títí dòní. Mọ́mọ́nì ni ìyàwó mi, kò sì fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi. A ti bímọ, a ti sìnkú, a ti jà, a ti parí ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ohun tí kò tó nǹkan kúrò lọ́nà. Ìyàwó púpọ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ọdún 1890 ni Wilford Woodruff, tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, kéde pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ìyàwó méjì lónìí, lílé ni wọ́n máa lé e. Ọtí, tábà, kọfí àti tíì jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, láti inú ìmọ̀ràn kan tó jáde ní ọdún 1833. Ó yé mi pé ó lè ṣàjèjì sí ọ, àmọ́ mi ò tíì rí ilé tí kọfí tú ká. Tó bá jẹ́ ti ìwà, bí wọ́n ṣe ń bọlá fún ìdílé, bí wọ́n ṣe ń san ìdámẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pariwo lé wọn lórí, bí bíṣọ́ọ̀bù wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ìjọ láìgba owó oṣù, ìtìjú bá èmi ọmọ díákónì nígbà míì. Bí o bá fi ìwà nìkan wọ̀n wọ́n, o ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ló ju òje lọ.

Ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ gan-an ni a kò ti jọ gbà. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi àti ìwọ ni pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ nínú ọ̀kan. Pé Ẹ̀mí ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí kì í ṣe Ọlọ́run. Pé láti inú òfo ló ti dá ohun gbogbo. Ohun tí wọ́n kọ́ ìyàwó mi ni pé ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, pé ète wọn ló ṣọ̀kan, àti pé Baba ní ara ẹran àti egungun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. O máa rí i ní orí 130 nínú ìwé wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀kọ́ àti àwọn Májẹ̀mú. Wọ́n gbà pé ọmọ Rẹ̀ ní ti ẹ̀mí ni gbogbo wa kí wọ́n tó bí wa sáyé, pé a ti gbé lọ́dọ̀ Rẹ̀ rí, àti pé a ní Ìyá lọ́run pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1844, kò ju oṣù díẹ̀ lọ kí àwọn jàǹdùkú tó pa á nínú ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, Joseph Smith, tó dá ìjọ wọn sílẹ̀, wàásù pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ti wà bí àwa ṣe wà yìí rí. Lóde òní, àwọn oníwàásù wọn kì í sábà fa apá yẹn yọ. Apá kejì, pé àwọn tó bá dé ibi tó ga jù lọ lè dà bí Baba, ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ wọn gbangba.

Jọ̀wọ́, má fo ìpínrọ̀ yẹn. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ kò tíì kà á. Ìwé Aísáyà orí 43 sọ fún wa pé kò sí Ọlọ́run kankan ṣáájú Rẹ̀, kò sì ní sí lẹ́yìn Rẹ̀. Onítẹ̀bọmi tó bá mọ ohun tó gbà gbọ́ kò lè kọjá níbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí ìyàwó mi ń gbàdúrà, mo mọ̀ pé Bàbá tó bí ẹ̀mí rẹ̀ ní tòótọ́ ló gbà pé òun ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ti mọ̀ rí tó sì fẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Adùn wà nínú àdúrà bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé kò wọ̀ mí lára.

Ohun kejì ni àṣẹ. Joseph Smith sọ pé nígbà tí òun wà ní ọmọdékùnrin ní ọdún 1820, òun bi Ọlọ́run léèrè ìjọ tí òun máa dara pọ̀ mọ́, Ó sì ní kí òun má dara pọ̀ mọ́ ọ̀kankan. Ó ní áńgẹ́lì kan fi àwọn àwo wúrà han òun, láti inú wọn ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì ti jáde ní ọdún 1830, ọdún náà gan-an ni wọ́n dá ìjọ wọn sílẹ̀. Ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé àṣẹ Ọlọ́run ti kúrò láyé lẹ́yìn ikú àwọn àpọ́sítélì, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló sì ti padà wá. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ rì ọ́ bọ omi pátápátá gẹ́gẹ́ bí àwọn náà ṣe ń ṣe, ìrìbọmi rẹ kò tà lọ́dọ̀ wọn, torí ẹni tó ṣe é kò ní oyè àlùfáà tiwọn. Tiwọn náà kò tà lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti ibì kan bọ́ sí ibì kejì yóò tún wọ omi.

Tiwa ni pé àlùfáà ni gbogbo onígbàgbọ́, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, ìwé 66 inú Bíbélì sì ti tó. Tiwọn ni wòlíì alààyè kan pẹ̀lú àpọ́sítélì méjìlá, ìfihàn tuntun sì lè dé nígbàkigbà. Ìfihàn bẹ́ẹ̀ kan kan àwa aláwọ̀ dúdú. Láti ayé Brigham Young, ààrẹ wọn kejì, ni wọn kì í ti í fún ọkùnrin dúdú ní oyè àlùfáà, títí di ọdún 1978 tí Spencer W. Kimball, ààrẹ wọn nígbà náà, kéde pé Ọlọ́run ti ṣí i fún gbogbo ọkùnrin tó bá yẹ. Mo bi ìyàwó mi pé níbo ni Ọlọ́run wà ṣáájú 1978. Ó bi mí padà pé kí ló dé tí àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà fi pín kúrò lára àwọn ará wọn ní ọdún 1845, tó bá ṣe pé kì í ṣe torí ẹrú, tí wọn kò sì tọrọ àforíjì àfi ní ọdún 1995. Ẹnu mi wọhò.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó gbéyàwó. Ọ̀nà tí a fi ń mọ òtítọ́ kò bára mu. Bí nǹkan bá rú èmi lójú, Bíbélì ni mo máa ṣí. Bí ó bá rú u lójú, yóò kà á, yóò gbàdúrà, yóò sì dúró de ẹ̀rí nínú ọkàn rẹ̀, torí orí tó kẹ́yìn nínú Ìwé ti Mọ́mọ́nì ṣèlérí pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò jẹ́ kó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn ẹsẹ Bíbélì kì í fi í lérè nínú ilé wa. Mo lè to ẹsẹ ogún jọ, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, yóò ní òun ti béèrè, a sì ti dá òun lóhùn. Kí lo tún fẹ́ sọ?

Ní ti ìgbàlà, ìwọ náà mọ Éfésù orí 2: oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀. Ìrìbọmi kàn ń jẹ́rìí sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn náà gbà pé ikú Jésù ló rà wá padà, pé gbogbo èèyàn ló máa jíǹde nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé wọn fi kún un pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń gbà wá là lẹ́yìn tí a bá ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe. Ìrìbọmi pọn dandan, gbígbé ọwọ́ léni pọn dandan, májẹ̀mú inú tẹ́ńpìlì, ilé mímọ́ wọn tó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ìsinmi, náà sì pọn dandan fún ẹni tó fẹ́ dé òkè pátápátá. Ìjọba ògo mẹ́ta ni wọ́n ní, àwọn tí kò ní rí ọ̀kan wọ̀ nínú wọn kò pọ̀ rárá. Èyí fa ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì: ìyá ìyàwó mi gbà pé ibi tó dára ni èmi ń lọ, àfi pé kì í ṣe ibi tó ga jù. Ìyá tèmi kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi.

Ibi tó ti dun wá jù ni ti bàbá mi. Àwọn Mọ́mọ́nì máa ń ṣe ìrìbọmi fún òkú nínú tẹ́ńpìlì: alààyè kan yóò wọ omi dípò ẹni tó ti lọ. Kọ́ríńtì kìíní orí 15 ẹsẹ 29 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, ìyàwó mi fara balẹ̀ bá mi sọ ọ́ pé òun fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wọn. Lójú mi, ńṣe ló dà bí ìgbà tó ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi sin Olúwa kò kún. Ó ní rárá, pé ẹ̀bùn lásán ni, pé ẹ̀mí bàbá lè gbà á, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́, pé òun kàn fẹ́ràn wọn débi pé òun kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn kankan tì mọ́ wọn ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, òun náà fẹ́ràn wọn.

Òfin wọn ni pé bí kò bá tíì pé 110 ọdún tí wọ́n bí ẹni náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Opó ló ṣáájú ọmọ, nítorí náà ìyá mi la lọ bá. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ojú mi ni wọ́n ṣe ri bàbá yín bọmi. Omi yẹn ò tíì gbẹ lára wọn.” Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ara èmi àti òun tó tún balẹ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa rí i pé ohun tí ẹnì kejì kà sí ìfẹ́ gan-an ló ń dun òun.

Wàyí o, ìwọ àti ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Wọ́n gbà pé ìgbéyàwó inú tẹ́ńpìlì kò ní tán láéláé. Àwa ní ikú ló ń parí rẹ̀, a sì ń tọ́ka sí Mátíù orí 22. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn kò lè wọlé, kódà ọmọ ìjọ tí kò ní ìwé ìyọ̀ǹda, tí kò sì san ìdámẹ́wàá pé, kò ní wọlé. Ìta ni mo jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi. Bí o bá di ọmọ ìjọ wọn, ìta náà ni àwọn òbí rẹ máa wà nígbà tí ẹ bá wọ tẹ́ńpìlì. Láti ọdún 2019, ẹ lè kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó níta níbi tí gbogbo mọ̀lẹ́bí máa pé sí, kí ẹ sì tètè lọ sí tẹ́ńpìlì láìdúró ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó bíi ti tẹ́lẹ̀, bó bá ti pé ọdún kan tí o ti di ọmọ ìjọ. Bi í bóyá ó máa gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ fẹ́ máa jẹ́ Onítẹ̀bọmi lọ, bi í bóyá ó lè gbé pẹ̀lú ìyàwó tí a kò so pọ̀ mọ́ ọn títí ayérayé, torí ẹrù wúwo nìyẹn fún Mọ́mọ́nì tó bá nígbàgbọ́, kò sì yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọkàn rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọgbẹ́.

Ẹ sọ ti ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n máa ń ṣe ìrìbọmi fún. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àkọ́bí wa pé e, ìjà tó ṣẹlẹ̀ kò ṣeé kọ síbí. Ohun tí a fi parí rẹ̀ ni pé kí ọmọ dúró títí yóò fi lè sọ fúnra rẹ̀ ohun tó gbà gbọ́ àti ìdí tó fi gbà á, kí òun náà sì máa lọ sí ìjọ méjèèjì. Ó dun àwọn àna mi. Àwọn kan ní ìjọ tèmi náà ní mo ń ṣe ojú méjì.

Àwọn ajíhìnrere wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ dáadáa tí wọ́n máa ń rìn ní méjì-méjì, yóò fẹ́ bá ọ jókòó. Gbà fún wọn. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn kì í gbowó. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè bi èèyàn ọjọ́ tó fẹ́ wọ omi. Kí o tó dáhùn, ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí Joseph Smith sọ nípa Ọlọ́run ní ọdún 1844, kí ọ̀dọ́kùnrin rẹ wà níbẹ̀, kí o sì gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́ nípa rẹ̀.