Ṣé ó yẹ kí n lọ wo Broken Hill?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Sydney ní kí n wá kí àwọn lóṣù kejìlá, ọkọ ẹ̀ wá ní àwọn máa wà mí lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Broken Hill, níbi tí wọ́n ti ń wa fàdákà. Ṣé torí kòtò ni màá ṣe lọ sí Ọsirélíà, nígbà tí kòtò wúrà wà ní Ipérindó níbí? – Ìyá Títí, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ lọ o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ kó má jẹ́ oṣù kejìlá, ìgbà ooru wọn nìyẹn, ó máa ń kọjá 40 degree nígbà míì. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ló dáa, kẹ́ ẹ ṣáà gbé súwẹ́tà dání torí òru ibẹ̀ tutù. Ọ̀nà yẹn lé ní 1,100 kìlómítà láti Sydney, kí ọkọ ọmọ yín má fi ọjọ́ kan wà á, kó sì sinmi tílẹ̀ bá ti ń ṣú torí kangarú máa ń já sójú títì.

Ní 1883 ni Charles Rasp, tó ń gẹṣin ṣọ́ ọgbà àgùntàn, rí òkúta ibẹ̀, fàdákà, òjé àti síǹkì ló wà nínú ẹ̀, nígbà tó di 1885 wọ́n ti dá kọ́ńpìnì ìwakùsà BHP (Broken Hill Proprietary) sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí gan-an wà lórí òkè tó wà láàárín ìlú: ilé ìrántí tí wọ́n ṣí ní 2001, orúkọ àwọn awakùsà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ló wà lára ògiri ẹ̀, ó lé ní 800, pẹ̀lú ohun tó pa oníkálukú. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí kòtò ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì tíì rí ibi tá a kọ orúkọ tiwa sí. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ dé Silverton náà, kò ju 25 kìlómítà lọ, àwọn èèyàn ti fibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́ ó ku díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀ díẹ̀ ẹ máa rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mundi Mundi tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí igi gíga kankan tó máa dí yín lójú. Nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ lọ wo àwọn ère òkúta 12 tí wọ́n gbẹ́ sórí òkè kan nítòsí Broken Hill ní 1993. Ọgbà ìjọba Mutawintji jìnnà díẹ̀, àwòrán àtijọ́ àwọn Aborigine, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà látìbẹ̀rẹ̀, wà lára àpáta ibẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè dá wọ ibi pàtàkì ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ tẹ̀ lé afinimọ̀nà, nítorí náà kí ọmọ yín ti bá wọn sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra.