Kí ló dé tí lítíọ̀mù fi ń tètè pàdánù ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Pírótọ́ọ̀nù méjì (èérún oníṣáàjì pọ́sítíìfù ní àárín átọ́ọ̀mù) ni hílíọ̀mù ní, mẹ́ta sì ni ti lítíọ̀mù. Bí mo bá lo òfin Coulomb, ìyẹn òfin ipá tó wà láàárín àwọn ṣáàjì iná, ó yẹ kí lítíọ̀mù di ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù rẹ̀ (èérún oníṣáàjì nẹ́gétíìfù) mú ju hílíọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n òdìkejì ni mo rí kà. Níbo ni ìṣirò mi ti wọ́?

Ìdáhùn: Òfin tí ẹ lò tọ̀nà, ohun tí ẹ fi sínú rẹ̀ ni kò pé. Gẹ́gẹ́ bí Coulomb ṣe fi hàn ní 1785, ipá tó wà láàárín ṣáàjì méjì kò dá lórí bí ṣáàjì náà ṣe pọ̀ tó nìkan, ó dá lórí àlàfo àárín wọn pẹ̀lú: bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ipá náà ló máa ṣẹ́ kù.

Ohun kejì tí ẹ kò kà mọ́ ọn ni pé àwọn ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù ń ti ara wọn. Méjì nínú mẹ́ta lítíọ̀mù ló wà nítòsí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ẹ̀kẹta sì sábà máa ń jìnnà sí i gan-an. Bí pírótọ́ọ̀nù mẹ́ta ṣe ń fa ẹ̀kẹta yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjì inú ń tì í sẹ́yìn, débi pé, bí a bá ka fífà pírótọ́ọ̀nù kan sí 1, kò ju bíi 1.3 lọ tó kù nínú 3. Ti hílíọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ibì kan náà ni ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù rẹ̀ méjèèjì wà, èkíní kò sì lè bo èkejì tán, bíi 1.7 nínú 2 ló ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí agbára tí a fi ń yọ ẹyọ kan kúrò lára hílíọ̀mù fi jẹ́ 24.6 eV (ẹ̀yọ ìwọ̀n agbára tí a ń lò fún átọ́ọ̀mù), tí ti lítíọ̀mù sì jẹ́ 5.4 péré.

Ẹ lè wá béèrè ìdí tí ẹ̀kẹta kò fi wọlé bá àwọn méjì yòókù. Ipá iná nìkan kò lè dáhùn èyí, ó sì yẹ kí olùkọ́ máa sọ ọ́ ní gbangba: òfin Pauli ti 1925, tó dá lórí bí ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù ṣe ń pín àyè nínú átọ́ọ̀mù, ni kò gba ju méjì lọ níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì yọ ẹ̀kẹta náà kúrò, ẹ óò rí ohun tí ẹ ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí 75.6 eV ni yíyọ èyí tó tẹ̀ lé e ń gbà, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti hílíọ̀mù lọ.