Ọmọ mi ní òun ò ní fẹ́ ọkùnrin Yorùbá láéláé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú ọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló gbé mi wá sí Leeds ní 2023. Èmi ni mo ni físà, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì tẹ̀ lé mi wọlé. Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ, wíàháùsì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ìdí ìkòkò ni mo máa ń gbà lọ kí n tó sùn. Níjẹta, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, wò mí títí, ó ní kí ló dé tí mò ń dáná tí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń gbá géèmù. Ó ní ẹrú ni àṣà Yorùbá sọ obìnrin dà, òun ò ní fẹ́ ọkùnrin Yorùbá láéláé. Bàbá rẹ̀ ní èmi ni mò ń kọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ wá lo Kérésì lọ́dọ̀ wa. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? — Ìyá Tọ́lá

Èsì: Ìyá Tọ́lá, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò ńlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi pin, ó fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, bàbá mi kàn bá a yọ̀ ni. Tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó tóbi ju ìyẹn lọ, ẹ má fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà bẹ̀rẹ̀ o. Lóòótọ́ ló jẹ Ìyálóde Ìbàdàn, lóòótọ́ ni àwọn ológun ń gba ìbọn àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pa á ní 1874, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wo íntánẹ́ẹ̀tì, á rí i pé ẹrú pọ̀ lábẹ́ ìyá náà, ọ̀rọ̀ á tún wá yí padà bá yín. Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó kó jọ, àwọn aláró àti àwọn ọlọ́jà, wọ́ lọ sí ààfin ní 1947 nítorí owó orí, wọn ò sì jáwọ́ títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Gbogbo ìgbà yẹn, ó wà nílé ọkọ. Ọ̀gá ilé ìwé ni ọkọ náà, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà ní, kò sì ní kí ìyàwó òun wá jókòó sílé.

Mo sọ gbogbo èyí fún àkọ́bí mi obìnrin. Ó fetí sí i dáadáa, ó tilẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, wọ́n fún un ní máàkì tó jọjú. Kò ní kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí má ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé èmi wá ní 2003. Ọ̀gá ni ọkọ mi ní báńkì kan l'Ékòó, ó débí, ó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Nígbà yẹn, irú ilé tiwa ò tíì wọ́pọ̀. Láti 2022 tí ìjọba ti ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú ni ìyàwó tó mú ọkọ wọ̀lú ti wá pọ̀ tó báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tuntun ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, nítorí náà ẹ dúpẹ́ pé tiyín ti wọlé ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà wá kí wa láti Èkó. Àárọ̀ Sátidé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi tí mo fi ro àmàlà. Ọkọ mi pe àkọ́bí mi yìí, ọmọ ọdún 12 nígbà náà, pé kó bu omi wá kí bàbá fọwọ́. Ó yọ nǹkan tó fi sétí kúrò ní etí kan, ó ní, "Wọ́n ní ọwọ́. Kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ ní kíṣìnì. Mummy ló ń sanwó ilé yìí, wọn ò sì tíì sùn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbàlagbà ń fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọkọ mi dìde. Ó lọ bu omi náà fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó da omi sí i lọ́wọ́, ó fi tówẹ̀lì nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá ọmọ wí. Kò bá mi wí. Àlejò tó ní òun á lo ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ Ajé ló ti palẹ̀ mọ́.

Láti ìparí oṣù yẹn ni ọkọ mi ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, tó ń kọ "rẹ́ǹtì" sí i lára. A ti ra ilé báyìí, "rẹ́ǹtì" náà ló ṣì ń kọ. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń fi oríkì jí ọmọ yẹn láràárọ̀, ó máa ń kì í títí yóò fi fìbínú dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn náà dúró. Ọmọ ọ̀hún ti di lọ́yà, ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ló gbé fóònù, "Mummy ńkọ́?" ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nígbà mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọmọ. Àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ni mo máa ń sọ ọ́ fún lórí fóònù, pé èmi ni mò ń sanwó ilé, èmi náà ni mi ò rí oorun sùn. Ẹ má wò mí báyẹn o. Ta ni kí n bá sọ ọ́? Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ bóyá ọkọ mi dá ohùn mi mọ̀ lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò bi í rí.

Àwọn kan nínú ẹbí ní mo ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí ẹnì kan ò lè rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́, tó bá ọ̀gá òyìnbó wí níṣojú gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìbàjẹ́? Mo fẹ́ kó lẹ́nu. Bó bá tún kàn mí, màá tún fẹ́ ẹ. Oríkì yẹn ló ń dùn mí.

Nílé, bí ìyá mi bá lọ sọ́jà, ìyá àgbà ń bẹ ńlé, àbúrò bàbá mi ń bẹ, ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń bẹ. Iṣẹ́ ọjà nìkan la gbé wá síbí, a ò gbé agboolé wá. Ohun tí ọmọ yín ń rí gan-an nìyẹn tó fi ń bú àṣà. Ẹ má bá a jiyàn lórí ẹni tí yóò fẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 13 ni.

Ọmọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ nídìí ìkòkò, kó jẹ́ pé bí kò bá dáná, gbogbo ilé ni yóò jẹ búrẹ́dì. Bí ọmọbìnrin bá máa kúnlẹ̀, kí òun náà dọ̀bálẹ̀ kí àyà kanlẹ̀, kó má kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ kó sì máa lọ. Báwo lẹ ṣe máa gba géèmù lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n. Àbíkẹ́yìn mi ṣì ń gbá tirẹ̀ lójú mi.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù pé ọmọkùnrin ń dáná nílé yín. Ẹnu ọmọ tí wọ́n bí ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kó má jẹ́ ẹnu yín, kó má sì jẹ́ ẹnu ọmọ yẹn. Láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti iṣẹ́ dé, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n sun oorun ire, kẹ́ ẹ wá gba yàrá lọ sùn.