Àrọ́bá ni baba ìtàn: ta ni àrọ́bá wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ béèrè ohun tí àwọn àgbà ń wí nígbà tí wọ́n bá ní, "Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn," àti bóyá òwe yìí pa á láṣẹ pé kí a gba gbogbo ohun tí àgbàlagbà bá sọ nípa ìlú.

Kò pa á láṣẹ. Òwe náà kò sọ ju pé ẹni tí ọ̀ràn kò ṣojú rẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, àti pé orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí í ṣe àrọ́bá, ni ìtàn dúró lé. Àwọn tí ó ń pa òwe yìí láyé àtijọ́ mọ̀ pé àrọ́bá ní olùtọ́jú, kì í sì í ṣe ẹnu gbogbo ènìyàn ni a ti ń gbà á.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni olùtọ́jú náà, Ológbò sì ni olórí wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni, ọba ni ó sì ń bọ́ wọn; orin ni wọ́n fi ń ka àwọn Aláàfin tí ó ti wàjà àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà oníkálukú. Wọn wà lára àwọn tí àlùfáà Samuel Johnson gba ìtàn lẹ́nu wọn, nítorí ó dùn ún pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, wọn kò sì mọ ti ilé. Ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ ní London, òǹkọ̀wé náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tí ó jẹ́ dókítà, fi àwọn àjákù tí ó kù tún un kọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun tí ó gbé e, tí ó fi jẹ́ pé 1921 ni ó tó jáde. (Kí àwọn tí ń wí pé ohun tí a bá ti kọ kì í sọnù mọ́ fi èyí sọ́kàn.)

Síbẹ̀, ojú ààfin ni arọ́kin fi ń wo ilẹ̀. Ohun tí kò bá kan ọba lè má sí lẹ́nu rẹ̀, inú agboolé ni a ó sì ti rí i, pàápàá nínú oríkì orílẹ̀ tí àwọn obìnrin ilé ń kì. Nígbà tí ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ó sá lọ tẹ̀dó síbòmíràn gbé oríkì wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ṣe ń dún ní ìlú tí ó jìnnà sí Ọ̀fà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kò sí ìlú tí ìtàn rẹ̀ pé sí ẹnu ẹyọ ilé kan. Ẹni tí ó bá ń fi fóònù gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ lónìí, kí ó kọ agboolé tí ó ti gbọ́ ọ, bí ilé méjì bá sì sọ ọ́ lọ́nà méjì, kí ó kọ méjèèjì.

Ilé ẹjọ́ pàápàá kì í gba àrọ́bá láìwádìí. Láti ìgbà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín Idundun àti Okumagba ní 1976, ìtàn àtẹnudẹ́nu wà lára ọ̀nà 5 tí ènìyàn lè gbà fi hàn ní Nàìjíríà pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtàn apá méjì bá ta ko ara wọn, tí kò sì sí èyí tí ó ṣeé gbà ju èkejì lọ, adájọ́ yóò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní àìpẹ́, ìyẹn ẹni tí ó ń dáko níbẹ̀ àti ẹni tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀.