Ẹ Béèrè, Ká Jọ Sọ Ọ́: "Wíńdò ni mo fẹ́ máa fọ̀"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tanke ni mò ń gbé, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti parí poli, iṣẹ́ ò sí. Mo wá rí i pé gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí ní GRA àti ọ̀nà Fate, wíńdò sáláìdì ni, dígí ló pọ̀ jù lára ẹ̀, eruku dẹ̀ ti bo gbogbo ẹ̀, ni mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífọ wíńdò. Màmá mi ní ṣé torí kí n lè máa fọ wíńdò làwọn ṣe rán mi níwèé. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, n ò ní mọ́tò. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni mo ṣe máa dá iye lé e, ibo ni mo ti máa rí kọ́sítọ́mà? (Àbúrò yín, Tanke)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, bá mi kí màmá, kó o sọ fún wọn pé èmi náà kàwé kí n tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù méjì ní ọ̀nà Taiwo ni mo fi bẹ̀rẹ̀, orí ọ̀kadà ni mò ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi sí, ṣòkòtò mi á ti rẹ kí n tó débi iṣẹ́. Wàláì, ó tó oṣù mẹ́ta kó tó yé mi pé àwọn tí mò ń lọ bá ní omi nílé.

Jẹ́ ká fi ohun tí wàá rà sílẹ̀ ná. Ilé ńlá tó o rí ní GRA yẹn, tí wọ́n bá pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n dẹ̀ san owó gidi fún ẹ, o ò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó ní dígí méjì péré lójú títì, tí ìyá tó ni ín sọ pé kó o máa wá ní gbogbo Sátidé, ìyẹn niṣẹ́. Eruku ìlú wa yìí ò kí ń jẹ́ kí dígí mọ́ pẹ́, pàápàá láti November lọ sí February tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, o lè fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó o fi ìka kọ orúkọ ẹ sára ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Àwọn èèyàn ń bínú sí eruku yẹn, ìwọ má bá wọn bínú, òun ló máa dá ẹ padà sọ́dọ̀ wọn. Torí náà àwọn tí ojú ọjà wọn jẹ́ dígí ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, àwọn tó ń ta fóònù, kẹ́mísìtì, àwọn tó ń ṣerun, ilé oúnjẹ, láti Unity títí dé Tanke lọ́dọ̀ ẹ níbẹ̀. Kí wọn dáadáa, sọ pé o fẹ́ bá wọn fọ ẹyọ dígí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ ọ̀kan, kó o fi ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Má rojọ́. Dúró kí àwọn náà wò ó.

Ní ti ohun èlò: squeegee kan tó fẹ̀ tó ínṣì 14 (èyí tó ní rọ́bà lẹ́nu tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára dígí, ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní wáípà), kékeré kan bíi ínṣì 6, torí ilé wa nílé yìí, bọ́gílárì ló kún inú wíńdò, èyí tó fẹ̀ ò lè gba àárín irin kọjá. Ra aṣọ onírun tí wọ́n máa ń fi bọ igi tó dà bíi T, òun lo máa fi pa dígí lómi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ọṣẹ abọ́ olómi, ìkán díẹ̀ ni o, torí ọṣẹ tó pọ̀ ló ń fa ìlà, àti síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n ti fọ̀ tí ò hunra mọ́. Àkàbà kọ́, má tíì ra àkàbà, ilé ilẹ̀ pọ̀ ní Ìlọrin tó ẹ jẹ.

Rọ́bà ẹnu squeegee yẹn niṣẹ́ gan-an. Ẹ̀bá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, tí ìka ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá tó o rí i pé ó ti yípo tàbí ó ya díẹ̀, yí i dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹ̀gbẹ́ kejì náà bá ti lọ, jù ú nù. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà irin tó wúwo ni wọ́n ń lò, súkúrúù 12 lèèyàn máa tú kó tó lè pààrọ̀ rọ́bà, títí ará Ítálì kan tó kó lọ síbẹ̀, Ettore Steccone, òun náà ń fọ wíńdò jẹun ni o, fi ṣe èyí tó fúyẹ́ tí à ń lò yìí, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹ̀ ní 1936. Ìṣẹ́jú kan báyìí lèèyàn fi ń pààrọ̀ rọ́bà, síbẹ̀ wàá rí ẹni tó ti ń fi rọ́bà kan fọ ilé láti ọdún Iléyá tó kọjá, á wá máa fi ọṣẹ ṣàlàyé.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Pa dígí lómi dáadáa, fi aṣọ onírun yẹn ra á títí eruku á fi tú. Wá fi síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nu etí òkè dígí, ìbú ìka kan péré, torí tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ látorí omi, omi yẹn náà ló máa fà wálẹ̀. Ibi tó gbẹ yẹn ni kó o gbé rọ́bà lé, jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, fà á wálẹ̀ láìdúró lójú ọ̀nà, nu ẹnu rọ́bà. Èyí tó tẹ̀ lé e, jẹ́ kó gun orí ti àkọ́kọ́ ní ìbú ìka méjì. Tí ìlà kan bá kù, má fi ìka nù ún, òróró ọwọ́ ẹ máa hàn lára dígí tí oòrùn bá yọ, fi síńgílẹ́ẹ̀tì. Má dẹ̀ fọ dígí tí oòrùn ń pa lójú, kó o tó fa rọ́bà omi ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ tí òjìji wà ni kó o máa tẹ̀ lé. Nígbà ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń jáde, mo ti parí ilé méjì kí aago mẹ́wàá tó lù.

Nẹ́ẹ̀tì lo máa kọ́kọ́ fọ̀ o! Ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Eruku ọyẹ́ tó há sínú nẹ́ẹ̀tì, òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ ló máa fọ̀ ọ́ dà sórí dígí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, oníilé á ní ìwọ lo ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ojú irin tí wíńdò ń gbà rìn. Wo ìsàlẹ̀ irin yẹn lápá ìta, ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde, eruku àti òkú kòkòrò ló máa ń dí i, tí omi á fi gba inú pálọ̀ wọlé tí wọ́n á máa bú kápẹ́ńtà. Mú igi tín-ín-rín, la á. Mo ti gba kọ́sítọ́mà tó ju márùn-ún lọ torí ihò yẹn nìkan.

Ọ̀rọ̀ owó: má fi ẹnu ọ̀nà ilé dá iye, ka ojú dígí. Ká ní ilé kan ní wíńdò 14, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ dígí méjì, ìyẹn 28, inú àti ìta di 56. Tí ojú kan bá gba ẹ ní ìṣẹ́jú méjì, bíi wákàtí méjì nìyẹn láìka nẹ́ẹ̀tì. Wá bi ara ẹ léèrè iye tó o fẹ́ pa ní wákàtí kan, ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ti ìgbà àkọ́kọ́ máa wọ́n ju ti ìgbà kejì lọ, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí èrè nínú kí wọ́n máa pè ẹ́ padà. Tó o bá ti tó kọ́sítọ́mà mẹ́wàá, lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá máa béèrè ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé èèyàn, kí wọn látìta, dúró kí wọ́n dáhùn. Ìlọrin la wà, o lè débi tí ìyàwó ilé jẹ́ ẹlẹ́hàá, o ò lè kàn máa yọjú ní wíńdò yàrá. Bá baálé ilé fi àkókò sí i. Èmi, àbúrò mi obìnrin ló ń fọ inú, èmi ń fọ ìta.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kẹta mi, ilé tuntun kan, àwọn peńtà ti ta ọ̀dà sí gbogbo dígí, mo mú réésà mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ, ọ̀dà ń bọ́, inú mi ń dùn. Ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn fẹ̀gbẹ́ wọlé tí mo rí i, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ káàkiri bíi pé ológbò ló fi èékánná họ ọ́, dígí mẹ́rin. Oníilé ò pariwo. Ó kàn dúró tì mí, ó ń fi ìka tọ ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì ni mo fi san án. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé dígí tí wọ́n yan nínú iná kó lè le, èyí tó jẹ́ pé tó bá fọ́ á fọ́ wẹ́wẹ́, lè ní hóró tín-tìn-tín tó lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ kan látinú ààrò, réésà á ká hóró yẹn, á máa wọ́ ọ kiri. Wo igun dígí, wọ́n sábà máa ń tẹ òǹtẹ̀ kékeré síbẹ̀. Tó o bá rí i, fi réésà sápò, fi omi ọṣẹ rẹ ọ̀dà náà, fi èékánná ṣe é. Ilé tuntun, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án pé ìlà tó bá ti wà níbẹ̀ kì í ṣe tìẹ. Dígí tí wọ́n lẹ tint mọ́, réésà ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Wíńdò mi lápá ibi tí a ti ń bomi rin òdòdó ti ní àmì funfun tóótòòtó, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi bébà ìròyìn nù ún, ó ṣì wà níbẹ̀. (Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ilé. Omi bọ́ọ̀hòòlù ni. Ó máa ń ní kálísíọ́mù látinú òkúta ilẹ̀, omi á gbẹ, ìyẹn ò ní bá a lọ, ọṣẹ ò dẹ̀ ràn án. Ẹ da fínígà àti omi pọ̀ ní ọgbọọgba, ẹ fi aṣọ tó rẹ sínú ẹ̀ bo àmì náà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má gbẹ, ẹ ra á, ẹ fi omi ṣàn án. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà á ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó kán sórí tẹ̀ráásò o, ó máa jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ blíìṣì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ burú fún ọ̀nà ọ̀fun. Tí àmì yẹn bá ti pẹ́ gan-an, ó lè ti jẹ dígí fúnra ẹ̀ wọnú, kò ní lọ tán. Omi tí ẹ máa fi ṣàn án kẹ́yìn, tí ẹ bá ní omi òjò nínú dírọ́ọ̀mù, òun ni kí ẹ lò.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá mi ní kí n máa dúró sórí bèbè wíńdò látìta ní àjà kejì kí n máa fọ̀ ọ́, pé òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. (S., Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Má gùn ún. Ọ̀pá tó ń fà gùn wà tí wọ́n máa ń fi squeegee sórí ẹ̀, látilẹ̀ lo ti máa fọ̀ ọ́, kó o sáà wo wáyà iná kó o tó nà án sókè torí irin ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àkàbà, tí orí ẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí ẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹnì kan dì í mú. Tí ọ̀gá bá ní kò sówó ọ̀pá, bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ fọ ti ìsàlẹ̀ nìkan fún oníilé yẹn, kí ẹ gba owó ìsàlẹ̀. Ọ̀pá tèmi náà, ọwọ́ kejì ni mo rà á ní Ọjà Ìpàtà, mo fi wáyà so ọrùn ẹ̀, mo ṣì ń lò ó.