Ṣé Dandan Ni Kí N Kọ́lé Kí N Tó So Yìgì?

Ìbéèrè: Àáfà, àsàlámù àlékùm. Télọ̀ ni mí, Takié ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ti pé ọmọ ọdún 27. Àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ti mọ̀ mí. Bàbá mi ló ní kí n kọ́lé ná, kí n sì wá owó màlúù ìnáwó. Ọ̀rẹ́ mi ka ẹsẹ kan fún mi pé bí aláìní bá gbéyàwó, Ọlọ́hun yóò rọ̀ ọ́ lọ́rọ̀. Ẹlòmíì ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé kí n kó ara mi ró. Ọmọbìnrin náà máa ń wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ẹ̀rù ara mi sì ń bà mí. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wà aléékùmù sàlámù. Ẹsẹ 32 àti 33 nínú Suratu Nuur, nínú Kùránì, ni wọ́n kà fún ọ. Wọn ò ta ko ara wọn rárá. Ẹ ò wo ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni.

"Ankihu" ni ọ̀rọ̀ tó ṣíde ẹsẹ 32: ẹ bá wọn gbéyàwó, ẹ fi wọ́n fọ́kọ. Kì í ṣe "inkihu", ẹ lọ fẹ́. Fáwẹ́lì kan péré ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn ọ̀dọ́, ó gbé e lé ọrùn òbí, alágbàtọ́ àti àwùjọ. Àwọn tí wọn ò ní ọkọ tàbí aya ló ní kí wọ́n bá ṣe é, títí kan opó. Ìlérí pé Ọlọ́hun yóò rọ aláìní lọ́rọ̀ wá di èsì fún òbí tó bá fẹ́ fi àìlówó dí ọmọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ gan-an ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. (Má lọ kà á sí i létí o!)

Ẹsẹ 33 ló kàn ọ́, bí o kò bá tíì rí ohun tí ìwọ yóò fi gbéyàwó. Àwọn onímọ̀ ní sàdáákì (owó orí ìyàwó) àti owó ìtọ́jú ìyàwó nìyẹn. Bákan náà ni hádíìsì Ibn Mas'ud, tí àwọn olùkójọ hádíìsì méjì, Bukhari àti Muslim, gbà wá: ọ̀dọ́ tó bá ní agbára "ba'ah" kó gbéyàwó, ẹni tí kò bá ní in kó gba ààwẹ̀. Àwọn kan ní agbára ara ni ba'ah, àwọn mìíràn ní ìnáwó ìgbéyàwó ni. N kò tíì rí ẹni tó ní ilé kíkọ́ ni.

Màlúù ńkọ́? Ní mọ́sábà (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, sàdáákì tó kéré jù ni ìdá kan nínú mẹ́rin dínárì wúrà, tí kò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ, tàbí dírámù fàdákà 3. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ Safiyyah, dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí àmọ́ ni wọ́n fi ṣe wòlíímà, àsè ìgbéyàwó. Kò sí búrẹ́dì níbẹ̀, kò sí ẹran. Àwa la sọ ọ́ di kánópì méjì àti aṣọ ẹbí.

Síbẹ̀, má fi ìlérí Ọlọ́hun ta tẹ́tẹ́. Owó tó wọlé nígbà Iléyá kọ́ ni kí o fi wọn ara rẹ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni ò gbé aṣọ wá, ni kí o ṣírò. Bí oúnjẹ ẹni méjì àti owó yàrá tí o háyà bá jáde nínú rẹ̀, o ti tó o gbé. Tí ẹ̀rù sìná bá tún ń bà ọ́, ó ti di dandan fún ọ. Bí kò bá jáde, gba ààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kó o máa fi owó pamọ́.

Ti ìbẹ̀wò alẹ́ yẹn: títí yìgì yóò fi so, àjèjì ni yín sí ara yín. Ọ̀sán ni kó máa wá, kí ọmọṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀.

Bí o bá wá fẹ́ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan àti ìmáàmù àdúgbò yín lọ, kí o sì mú ìwé ìṣírò oṣù mẹ́ta dání. Fi ọ̀rẹ́ tó ka ẹsẹ 32 fún ọ sílé.