Bílì wa kò bá ìwé mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ kíláàsì seconde, ọdún àkọ́kọ́ ní lycée, ni mí ní Sábẹ̀ẹ́. Olùkọ́ PCT wa (físíìsì, kẹ́míísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ) ní ká lọ ṣe àdánwò lórí ohun tó ń rìn ní ìlà tààrà. Pákó tó gùn ní mítà 1 la lò. A gbé orí rẹ̀ kan lé àpótí tó ga ní 30 cm, a sì jẹ́ kí bílì, ọmọ róbótó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, yí bọ̀ látòkè. Fóònù la fi ka àsìkò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é: 0,8, 1,1, 0,9, 1,2. Ìṣirò tí a fi ìlànà inú ìwé ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá 0,82 ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ká kúkú kọ 0,82 ká sinmi. Kí la ṣe tí kò tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má kọ 0,82 o.

Kí o tó ka ohun tó kù, ro iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí o pín in sí mẹ́rin. 1,0 ni. Bílì tó bá ń yí lórí irú pákó yín, nǹkan bí 0,98 ló máa ń gbà á. Bílì yín ò parọ́. Ìwé náà ò parọ́, àmọ́ ohun tó ń yọ̀ wẹ̀rẹ̀ láì yí rárá ló ń ṣírò, tiyín sì ń yí. Ohun tó ń yí gbọ́dọ̀ ná díẹ̀ lára agbára tó rí nínú sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ sórí yíyí yẹn. Bí a bá pín agbára náà sí ọ̀nà méje, márùn-ún péré ló kù fún ìrìn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bí iye yín ṣe fọ́n káàkiri, láti 0,8 dé 1,2. Ìka yín ló fà á. Láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan dé ìgbà tí ìka bá tẹ fóònù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìyẹn pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ wá aago tó dáa ju èyí lọ. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bílì ni kí ẹ mú lọ́ra.

Ohun tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ṣe gan-an nìyẹn. Kò sí aago nígbà náà tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá bó ṣe yẹ, ohun tó bá sì já bọ́ látòkè ti yára jù fún ojú. Ló bá mú igi tó gùn tó nǹkan bíi mítà 7, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí i, ó fi awọ dídán tẹ́ ẹ, ó gbé orí kan sókè díẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ idẹ róbótó máa yí bọ̀. Omi tó ń ṣàn tín-ín-rín látinú ìkòkò ńlá ló fi ka àsìkò: ó ń wọn omi tó bá dà sínú ife lórí òṣùwọ̀n. Nígbà tó kọ ọ́ jáde ní 1638, ó ní ọgọ́rùn-ún ìgbà gbáko lòun tún un ṣe. Ó ti rí i pé bí a bá dín ìdagẹ̀rẹ́ kù, ìrìn náà kò yí ìwà padà. Ṣe ló kàn fà gùn tó fi bọ́ sí ìkáwọ́ wa.

Ní Kétu níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé ni mo ti máa ń tọrọ àkùkù aluminium onígun, èyí tí wọ́n ń pè ní cornière. Mítà 2 tó. Ẹ dojú rẹ̀ sókè bí ọ̀nà omi, kí ẹ fi ìwé ti orí kan títí yóò fi ga ní 5 cm. Ọmọ irin inú bẹ́árìn ọ̀kadà dáa ju bílì lọ. Ẹ má fi ọwọ́ tì í. Ẹ fi rúlà dí i níwájú, kí ẹ sì gbé rúlà náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí a ṣe kẹ́yìn: 50 cm gba ìṣẹ́jú àáyá 2,7, 100 cm gba 3,8, 150 cm gba 4,7, 200 cm gba 5,4. Wò ó dáadáa. Ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin, láti 50 dé 200, àsìkò di ìlọ́po méjì péré. Ẹ sọ àsìkò kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀ (bíi 2,7 lọ́nà 2,7), kí ẹ fi pín ọ̀nà tó rìn: nǹkan bíi 6,85 ni yóò máa jáde ṣáá. Bí ẹ bá yà á sórí papier millimétré, ìwé onílà wínníwínní, ọ̀nà lápá kan, àsìkò tí ẹ ti sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ lápá kejì, ìlà tààrà ni. Ìlọ́po méjì iye yẹn, 13,7, ni accélération: ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń fi 13,7 cm kún ìyára rẹ̀. Ìwé á ní 24,5. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ọmọ irin fi jókòó nínú igun yẹn, ó ní láti yí ju ti orí pákó lọ kó tó rin ìwọ̀n kan náà, ìdá márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló sì kù fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀: 13,6.

Bí fóònù bá kú, ẹ lu agogo. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í wo aago, ìlù rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Etí wa mọ ìdọ́gba ju ìka wa lọ. Kí ẹnì kan máa lù ú geere, bí ìgbà márùn-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Kí ẹ tú ọmọ irin sílẹ̀ bí agogo bá ṣe dún, kí ẹlòmíràn sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá dé ní gbogbo ìgbà tó bá tún dún. Ó lè gba ogún ìgbà kí ọwọ́ tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo àárín àmì: 10, 30, 50, 70, tàbí kó súnmọ́ ọn. Ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Mo ti rí ọmọ tó pariwo nígbà tó wọn ìkẹrin.

Èmi náà ti wà ní kíláàsì yẹn rí, ní Àjàṣẹ́. Iye tí mo rí kéré sí ti ìwé, mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo kọ ti ìwé, mo sì gba máàkì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èyí tí mo pa rẹ́ ló tọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nítorí náà, ẹ kọ iye yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe wà, kí ẹ kọ 0,82 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé bílì yín ń yí.